Ohun tí Bàbá Jeremáyà Yọ Kúrò Nínú Lọ́rì

Nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa, wọ́n kọ ọ́ pé ó jẹ́ onínúure, olùfẹ́ Ọlọ́run, bàbá rere. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí wọ́n lọ sí yunifásítì ló kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ bàbá tí èmi mọ̀ sí. Orin ìsìn ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí èmi náà kọ ojú ìwé kan. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ibẹ̀ le jù, ó ń rùn bí ọ́ìlì mọ́tò. Ìwé márùn-ún ni mo kà, n kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti Akúrẹ́ títí dé Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì lọ́rì tí n kò lè fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn tó kàwé ló ń gbé mọ́tò wá bá mi, èmi kì í gbé nǹkan kan lọ bá wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bàbá ló mọ bàbá. Nínú gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti sin ín, ọwọ́ mi kò balẹ̀. Mo máa ń mú sípánà, mo máa gbé e sílẹ̀, mo máa tún un mú, n kò ní rántí ohun tí mo fẹ́ fi tú. Ìyàwó mi ní mo ń lọ sókè sódò nínú ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú mi, kí n sọ ọ́ jáde. Mo rò pé kíkọ yóò rọrùn ju sísọ lọ. Kò rọrùn.

Jeremáyà ni orúkọ rẹ̀. Òun ló bí ìyá mi. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi tún lọ́rì ṣe nílùú Oǹdó, lẹ́bàá ọ̀nà tó wá sí Akúrẹ́. Oǹdó pọ́nbélé ló ń sọ, kò sì yí i padà fún àlejò kankan. Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo kọ síbí, mo tún wọn tò ni, kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ.

Ọwọ́ ni bàbá fi ń mọ àìsàn mọ́tò. Tí dírẹ́bà bá dé tó ní, Bàbá, ẹ kú àárọ̀, bàbá á ti kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, bí ìyá ṣe ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, kó tó yíjú padà pé kú àárọ̀, ilé ńkọ́? Àwọn kan ń bínú pé ó ń kí irin kó tó kí ènìyàn. Tí o bá sì gbé mọ́tò gbígbóná wá bá a, kò ní fọwọ́ kàn án. Á ní kó o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Mo rántí dírẹ́bà kan tó kó ọsàn kún lọ́rì. Ó ní òun kò lè dúró, ọsàn òun á rà. Bàbá ní kó máa lọ nígbà náà. Ó ní mọ́tò kò lè lọ. Bàbá ní kó dúró nígbà náà. Ọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ lé orí, ó kígbe títí, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí ta ọsàn rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá fúnra rẹ̀ sì rà nínú rẹ̀, ó jókòó, ó ń mu ún níṣojú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò gbà á ju bí ẹni jẹ mọ́ínmọ́ín kan lọ láti rí ohun tó ń ṣe mọ́tò náà. Ó nu ọwọ́, ó sọ fún un pé, "Àárọ̀ ni mọ́tò ń sọ òótọ́. Tó bá ti gbóná tán, irọ́ ló máa pa fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí fa wàhálà rí nínú ìjọ. Áńgílíkà ni bàbá, kì í pa ìsìn jẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí àlùfáà ti ń wàásù lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì ìjọ tó lọ kó àwọn ìyá arúgbó wá dé, ó ń hú ikọ́ níta. Bàbá fara dà á díẹ̀. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó dìde, ó jáde. Nígbà tó fi padà wọlé, wọ́n ti ń gba ara Olúwa. Ó tò sórí ìlà, ó na ọwọ́ síwájú, gbogbo ìka rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Àlùfáà náà kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú bàbá, ó rọra bi í bóyá kò ní lọ fọ̀ ọ́ ná. Gbogbo ìjọ ń gbọ́. Bàbá kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹni Ọ̀wọ̀, ọwọ́ yìí ló máa gbé àwọn ìyá yẹn padà sílé." Wọ́n fún un.

Ìyá ìyá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun mọ ibi tó ń dun gbogbo mọ́tò ní Oǹdó, kò mọ ibi tó ń dun ìyàwó rẹ̀. Bàbá á ní, "Mọ́tò kì í sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun nígbà tí nǹkan ń ṣe é."

Èmi náà bá a jà, ká má purọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì rò pé ó yin iṣẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú ọdún mẹ́jọ yẹn. Nígbà tí mo gba òmìnira, n kò bá a dúró. Mo wá sí Akúrẹ́, mo gba ilẹ̀ sí Ìsìkàn, mo sì ní kí wọ́n ya pátákó ńlá kan fún mi: ẸNJÍNÍÀ AKIN, ONÍMỌ̀ LỌ́RÌ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá wá wò mí, ó dúró sábẹ́ pátákó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òun náà kò kàwé jù mí lọ. Ó bi fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé níbo ni ẹnjíníà wà. Fọkanáísà nawọ́ sí mi. Bàbá wò mí pẹ̀lú gbogbo ọ́ìlì ara mi, ó ṣí fìlà fún mi, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹnjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun?" Láti ọjọ́ náà, kò fi Akin pè mí mọ́.

Wàyí o, mo ní láti sọ nǹkan kan tí gbogbo mẹkáníìkì lọ́rì mọ̀, kí ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì lè bá mi lọ. Nǹkan kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní tamósítáàtì. Kò tóbi ju ìdérí ìgò ńlá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, kó wá ṣí, kí omi lè máa lọ sínú rédíétọ̀ lọ tutù. Lọ́dọ̀ wa, tí ènìyàn bá ra lọ́rì tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì máa ń ṣe ni pé kó yọ tamósítáàtì yẹn, kó jù ú nù. Bí wọ́n ti ń fá irun ọmọ tuntun ni. Kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Bàbá ló kọ́ mi. Mo rántí ọjọ́ tó yọ àkọ́kọ́ níṣojú mi, tó sọ ọ́ sínú koríko, tó ní, "Òyìnbó ṣe é fún òtútù ìlú wọn. Níbo ni òtútù wà ní Oǹdó?"

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ó lé.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan láti Ìlú-Àbò, Ìyá Bísọ́lá, gbé lọ́rì kan wá bá mi. Ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Òun ló fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ àwọn ará oko wá sí Akúrẹ́. Lọ́rì náà dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ilé, òun ló ń rán ọmọ mẹ́ta lọ sí ilé-ìwé. Tí mọ́tò yẹn bá dúró, ilé dúró nìyẹn.

Ó ní ó ń tú èéfín funfun láàárọ̀, ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ẹní ń mu omi, tó bá sì dé orí òkè, kò lágbára. Géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nísàlẹ̀ rárá. Èmi kò ka ìyẹn sí. Ta ló ń bẹ̀rù mọ́tò tó tutù? Èyí tó ń hó la máa ń bẹ̀rù. Mo tú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, mo pààrọ̀ wọn. Mo tú pọ́ǹpù. Nígbà tó yá, mo sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, mo pààrọ̀ ríìngì, mo tún un tò. Iṣẹ́ náà mọ́. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wá wò ó, kò sí èyí tó rí nǹkan bù kù níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ, èéfín funfun padà dé, ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀.

Ó sú mi. Mo ní ẹ́ńjìnnì náà ti kú, kó ta mọ́tò fún àwọn onírin. Mo sọ ọ́ bí dókítà. Ìyá Bísọ́lá kò bá mi jiyàn. Ó ní tí Ẹnjíníà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn onírin ní ọjọ́ Ẹtì làwọn máa wá gé e. Ó wá ku ọjọ́ méjì, obìnrin yìí wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ bá bàbá, nítorí bàbá ló ń tọ́jú mọ́tò náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Kì í ṣe pé ó lọ bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe. Ó lọ túfọ̀ mọ́tò fún un ni, bí wọ́n ti ń túfọ̀ òkú fún ẹbí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá ti jókòó sórí táyà kan níwájú lọ́rì náà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti bó. Ọkùnrin tó ku ọdún kan kó pé ọgọ́rin, tí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó ti wọ mọ́tò àkọ́kọ́ láti Oǹdó, ó ti kọjá Ọ̀wẹ̀nà kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. Ìyá Bísọ́lá dúró tì í.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹnjíníà, wọ́n ní o pa mọ́tò kan."

Mo ní, "Bàbá, òkú ni wọ́n gbé wá bá mi."

Ó ní kí n sítáàtì rẹ̀. Mo sítáàtì rẹ̀, èéfín funfun bo gbogbo wa. Róòbà ńlá kan wà tó ń gbé omi láti orí ẹ́ńjìnnì lọ sínú rédíétọ̀. Bàbá di róòbà náà mú bí ẹni di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú. Ó ní kí Ìyá Bísọ́lá náà wá dì í mú, kó máa sọ bó ṣe rí. Obìnrin náà ní ó ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, bàbá tún bi í. Ó ní ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ náà. Ó tún pẹ́. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà ni.

Bàbá ní, "Kò yẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó yẹ kó tutù, kó máa tutù, kó wá gbóná lójijì bí ìgbà tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn."

Mo ní géèjì ló bàjẹ́.  Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ìgbà tí ènìyàn á fi jẹun tán. Mo gbé ọwọ́ mi síbẹ̀, kò jó mi. Èmi mọ̀ pé ó yẹ kó jó mi. Ó wá ní kí wọ́n mú páálí wá, kí wọ́n fi bo iwájú rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ má tù ú mọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Fọkanáísà ní bàbá fẹ́ se mọ́tò jinná. A fi páálí bò ó. Ọwọ́ géèjì tí kò kúrò nísàlẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gùn díẹ̀díẹ̀. Èéfín funfun fẹ́lẹ́, ó tún fẹ́lẹ́ sí i, a kò rí i mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń hú ikọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń dún geere. Ìyá Bísọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku.

Bàbá ní kí n pa á, kí n jẹ́ kó tutù, kí n wá ṣí ilé tamósítáàtì. Mo ṣí i. Òfìfo ni. Kò sí ohun tó ń dá omi dúró, kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè gbóná tó láti jó dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tán.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí. Mo ti ṣí ilé yẹn rí. Nígbà tí mo sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ọwọ́ mi kọjá níbẹ̀, mo rí i pé ó ṣófo, mo sì tún un dé. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo wọn ló ṣófo. Ohun tí kò sí ní ilé ẹnikẹ́ni, ta ni yóò sọ pé ó sọnù?

Bí mo ti yí ìdérí ilé náà padà, ohun tí n kò ṣe nígbà àkọ́kọ́, mo rí ilà mẹ́ta tí wọ́n fi fáìlì fà sínú rẹ̀.  Kò sí ẹni tó ń fa ilà mẹ́ta sára irin ní gbogbo ilẹ̀ wa àyàfi bàbá mi. Ohun tó bá tú, ó máa ń fa á sí i kó lè dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Òun ló yọ ọ́, nígbà tí ọkọ obìnrin yìí wà láyé. Kíá ni mo da ìdérí náà dé mọ́ itan mi. Mẹkáníìkì méjì àti fọkanáísà wà níbẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

Bàbá ní, "Gbé e síta."

Mo ní, "Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gbé e síta, kí wọ́n rí i."

Mo gbé e síta. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi han obìnrin náà, ó ní, "Ìyá Bísọ́lá, ilà ọwọ́ mi nìyí. Èmi ni mo yọ ọ́. Mọ́tò náà hó lọ́jọ́ kan lórí òkè, mo ní tamósítáàtì ló fà á, mo jù ú nù. Rédíétọ̀ tó dí, tí ọkọ yín padà pààrọ̀, ló fà á, n kò wò ó. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì tí mọ́tò yín kò nílò. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹ wò ó, n kò gbọ́ kí bàbá fi "ẹ" bá ẹni tó kéré sí i tó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, àfi èmi ní ọjọ́ tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Bísọ́lá náà gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí bàbá má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bàbá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù, ó rí tamósítáàtì kan tó bá a mu. Kò gbà kí n tò ó wọlé bẹ́ẹ̀. Ó yá ìkòkò lọ́wọ́ obìnrin tó ń se ìrẹsì nítòsí wa, ó bu omi sí i, ó gbé e kaná, ó sọ tamósítáàtì náà sínú rẹ̀. Gbogbo wa yí ìkòkò ká. Olóńjẹ ní òun kò tíì rí ọbẹ̀ onírin rí, ta ni yóò rà á? Nígbà tí omi fẹ́ẹ́ hó, nǹkan náà là níwọ̀nba, ó ṣí bí ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bàbá rẹ́rìn-ín bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ń ju ọlọ́gbọ́n nù sínú koríko."

Ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn onírin dé pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé irin, lọ́rì náà ti lọ kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìlú-Àbò.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, n kò ní máa kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkéde nínú ìjọ, bàbá dìde. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bá tún lọ́rì ṣe fún rí, òun yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ tí kò yẹ kí òun yọ, òun á sì wá dá a padà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ̀ lé e délé pẹ̀lú ìbínú. Ó ní bàbá ń ba orúkọ ẹbí jẹ́ nítorí irin kékeré, ó ní gbogbo mẹkáníìkì ló ń ṣe é. Bàbá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ̀yin ló ń jẹ́ orúkọ náà. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ tó sọ ọ́ di orúkọ."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ilé-Olújì, Ìdànrè, Ọ̀wẹ̀nà, Ọ̀dà. Orúnkún burúkú, àpò kékeré lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mọ́tò náà ti di irin àtijọ́; ó ṣì ń lọ sọ fún ẹni tó ni ín. Ọkùnrin kan bú u títí, ó ní bàbá ló pa mọ́tò òun, òun ti ń fi èpè ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí. Bàbá dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo bi í ìdí tí kò fi kúrò níbẹ̀, ó ní, "Èpè mi ló ń dá padà fún mi. Ta ni kó bá mi gbà á?"

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bi mí. A jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsìkàn, ó ń jẹ iṣu sísè. Ó ní, "Ẹnjíníà, mélòó ni tìrẹ?"

Mo ní n kò rántí. Irọ́ ni. Mo rántí gbogbo rẹ̀; kò sí mọ́tò tí mo fọwọ́ kàn rí tí n kò rántí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́. Mo ní bàbá ti darúgbó, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ìtìjú kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi ṣì ń wá oúnjẹ. Orúkọ mi ni ọjà mi. Tí mo bá jáde lọ sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo ti ń ba ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ láti ọjọ́ yìí, ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá bá mi?

Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ìgbà tí wàá sinmi."

Kò bi mí mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n tó bá pè mí lórí fóònù, á bèèrè àwọn ọmọ, á bèèrè ìyàwó mi, á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó ní ó dàbọ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú dídákẹ́ náà. Mo máa ń yára sọ̀rọ̀ kún un. Ní ìgbà òjò ọdún yìí, ó jẹ àárọ̀ tán, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́. Mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yìí pé tí òjò bá dá, n óò bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi kan, mo kọ gbogbo lọ́rì tó ṣì ń rìn tí mo yọ tamósítáàtì wọn sínú rẹ̀. Mẹ́rìnlá ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sí Ọ̀dà, sọ́dọ̀ Bàbá Ṣèyí tó máa ń kó ẹ̀gẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ nínú ọkọ̀. Mo bá a níwájú ilé, ó ń rán àpò. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́. Ẹnu mi tó máa ń dùn, ó gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Ó rán àpò rẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, kò gbójú sókè.

Ó ní bàbá mi ti wá. Ó ní lọ́dún tó kọjá ni, ó wá nítorí mọ́tò ẹlòmíràn ládùúgbò, òun sì ní kó bá òun wo tòun. Bàbá di róòbà mú, ó rí ọ̀dà búlúù lórí àwọn nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mo máa ń fi ọ̀dà búlúù kun nọ́ọ̀tì, kí gbogbo ayé lè mọ iṣẹ́ mi. Bàbá sọ fún un pé ọmọ òun ló yọ ọ́, ó sì fẹ́ tò ó padà lójú ẹsẹ̀. Bàbá Ṣèyí ló kọ̀. Ó ní òun sọ pé ẹni tó yọ ọ́ ni kó wá dá a padà, kì í ṣe arúgbó. Mo bi í ohun tí bàbá sọ.

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè wò mí. "Ó ní, 'Ó lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n yóò wá.' Mo ti ń retí rẹ láti ìgbà náà. O pẹ́."

 Mo ṣí ẹ́ńjìnnì, mo to tamósítáàtì tí mo gbé dání síbẹ̀, mo bu omi sí i, mo sítáàtì rẹ̀. A dúró ti róòbà náà, èmi àti òun, ọwọ́ méjèèjì lórí rẹ̀. Ó tutù, ó ń tutù, lójijì ó gbóná. Bàbá Ṣèyí yọ ọwọ́ rẹ̀. Kò yìn mí, kò sì bú mi. Mo jókòó sórí òkúta kan, mo ń nu ọwọ́.

Ó ní, "Ó ku mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́tàlá, Bàbá."

Ó ní, "Kí lo wá jókòó fún?"